Páálí Kọ́míìkì Láti Houston: Ká Tà Á, Ká Sun Ún, Àbí Ká Kà Á?

"Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́. Houston ni mo ti ka girama nígbà tí bàbá mi wà ní yunifásítì níbẹ̀, láti 1990 títí di 1995. Owó oúnjẹ ọ̀sán mi ni mo fi ń ra kọ́míìkì. Nígbà tí a padà sí Ìbàdàn, mo kó páálí kan dání, orí àjà ló sì wà látìgbà náà. X-Men nọ́ńbà 1 wà níbẹ̀ ní èèpo mẹ́ta, X-Force nọ́ńbà 1 wà níbẹ̀, Spawn, àti Superman tó kú, èyí tí mi ò tíì já ọ̀rá dúdú rẹ̀ rárá. Láìpẹ́ yìí ni mo gbé páálí náà sọ̀kalẹ̀ fún àwọn ìbejì mi, wọ́n ti pé ọmọ ọdún 15. Táíwò ní òun ti kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ìgbà tó burú jù nínú ìtàn kọ́míìkì nìyẹn, pé pàǹtí ni gbogbo rẹ̀. Kẹ́hìndé ní òun máa kà á. Ìyá wọn ní kí n tà á, kí a fi kún owó ilé-ìwé. Ẹ̀gbọ́n, ṣé owó wà lórí nǹkan yìí? Ṣé kí n já ọ̀rá Superman? Àti pé, ẹ dákun, ṣé lóòótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀ kò dára? – Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn."

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Mo ta kọ́míìkì fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Amẹ́ríkà kí n tó padà wálé, ẹ kì í sì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ tí yóò bi mí ní irú ìbéèrè yìí. Ọ̀rọ̀ owó ni wọ́n sábà máa ń fi ṣíwájú, àmọ́ èyí tí ẹ fi sẹ́yìn ló ń dùn yín lọ́kàn. Mo fẹ́ ya méjèèjì sọ́tọ̀, torí pé dídà tí a dà wọ́n pọ̀ gan-an ló sọ kọ́míìkì àwọn ọdún 1990 di ohun tí àwọn kan ń tutọ́ sí, tí àwọn kan sì ń torí ẹ̀ jà. Àwọn ènìyàn pàdánù owó lórí ìwé wọ̀nyẹn, ṣọ́ọ̀bù wó, ilé-iṣẹ́ ńlá wọ gbèsè, ìbínú ọjà náà ni wọ́n sì gbé lé ìwé lórí. Táíwò kò purọ́ o, ohun tó kà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà. Ìdajọ́ tí àwọn oníbìínú dá ló jogún, bẹ́ẹ̀ ni kò sì tíì ṣí ìwé náà wò.

Ẹ jẹ́ ká ti orí owó bẹ̀rẹ̀. Ní 1938, sẹ́ńtì 10 ni wọ́n ń ta Action Comics nọ́ńbà 1, ìwé tí Superman ti kọ́kọ́ jáde. Ọmọdé ló ń rà á. Wọ́n kà á, wọ́n fún ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ fà á ya, ìyá gbá a sóde. Nígbà ogun àgbáyé kejì, wọ́n tún ń kó bébà jọ káàkiri ìlú fún iṣẹ́ ogun, ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ́míìkì sì bá a lọ. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí èyí tó kù kò fi tó nǹkan, tí ẹnì kan fi san mílíọ̀nù 3.2 dọ́là lórí ẹyọ kan ṣoṣo ní 2014. Kí ọdún 1990 tó dé ni irú owó báyìí, bí kò tilẹ̀ tíì ga tó bẹ́ẹ̀, ti ń jáde nínú ìwé ìròyìn. Àwọn ènìyàn wá rò pé kọ́míìkì dà bí ilẹ̀: rà á lónìí, fi í sílẹ̀, ọmọ rẹ yóò jẹ ẹ́. Ohun tí wọ́n gbàgbé ni pé àìtó ló sọ ti 1938 di ọ̀wọ́n. Bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn bá ra ìwé kan náà lọ́jọ́ kan náà, tí gbogbo wọn sì tọ́jú ẹ̀ sínú ọ̀rá, ta ni yóò wá a tì láéláé?

Àwọn ilé-iṣẹ́ sì mọ̀ pé ìfẹ́ owó ti wọ ọ̀ràn náà. Ní 1990, ilé-iṣẹ́ Marvel gbé Spider-Man tuntun jáde, Todd McFarlane ló yà á tó sì kọ ọ́, ó tà ju mílíọ̀nù 2 lọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni X-Force nọ́ńbà 1 tẹ̀lé e, bíi mílíọ̀nù 5. Ìwọ náà yóò rántí, Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú, ẹ̀yin náà yóò rántí pé inú ọ̀rá ló wà, káàdì kan sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Irú káàdì márùn-ún ló wà, ẹyọ kan péré ni ọ̀rá kan ní. Ẹni tó bá fẹ́ pé, márùn-ún ni yóò rà, yóò sì tún ra ẹ̀kẹfà tí yóò já kà. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni X-Men nọ́ńbà 1 tiyín jáde, èèpo márùn-ún: mẹ́rin tó so pọ̀ di àwòrán kan gbọọrọ, àti ìkarùn-ún tó ní gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó ju mílíọ̀nù 8 lọ, ó sì wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ Guinness gẹ́gẹ́ bí kọ́míìkì ẹlẹ́yọ tó tà jù láyé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí. Mílíọ̀nù 8 yẹn kì í ṣe òǹkàwé mílíọ̀nù 8. Ohun tí àwọn ṣọ́ọ̀bù bèèrè lọ́wọ́ alágbàtà ni. Ìlànà òwò wọn nígbà náà ni pé ohun tí ṣọ́ọ̀bù bá rà, ó ti rà á, kò lè dá a padà bíi ti ìwé ìròyìn. Èmi tí mo wà lẹ́yìn káńtà mọ bí ó ṣe ń rí: oṣù méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú ni a ti ń kọ iye tí a fẹ́, láì tíì rí ojú ìwé kan. Bí a bá kọ díẹ̀, oníbàárà á lọ sí òdìkejì títì. Bí a bá kọ púpọ̀, èyí tó ṣẹ́kù di tiwa, nínú yàrá ẹ̀yìn, páálí lórí páálí. Àwọn ilé-iṣẹ́ ti gba owó tiwọn ní tiwọn. Nítorí náà, bí èèpo onífàdákà, èèpo tó ń tàn nínú òkùnkùn, èèpo tí wọ́n gé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i, ìpalára ń bọ̀ wá sórí oníṣọ́ọ̀bù, kò kan ẹni tó tẹ̀ ẹ́.

Superman tiyín ló mú un dé góńgó. Oṣù kọkànlá 1992 ni ó kú, ìròyìn tẹlifíṣàn sì gbé e bí ìgbà tí olórí ìlú kan bá papòdà. Àwọn tí kò ka kọ́míìkì rí láyé tò sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ta bíi mílíọ̀nù 6. Nígbà tó wá jíǹde lọ́dún tó tẹ̀ lé e, oníṣọ́ọ̀bù fi irú iye ńlá bẹ́ẹ̀ bèèrè, kò sí ẹni tó tún tò. Àwọn tó wá ra òkú ti rí i pé òkú náà kò gbówó lórí, wọ́n sì ti lọ. Láti ìgbà náà ni ṣọ́ọ̀bù ti ń tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Marvel tún dá kún un: ní ìparí 1994, ó ra alágbàtà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Heroes World, ó ní ibẹ̀ nìkan ni wọn yóò ti máa ra ìwé òun. Àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù sá lọ bá Diamond tó jẹ́ alágbàtà mìíràn, gbogbo ètò dàrú, Heroes World kò sì lè gbé ẹrù náà. Oṣù kejìlá 1996 ni Marvel fúnra rẹ̀ gba ilé-ẹjọ́ lọ pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn. Ẹni tó bá wà nínú òwò yẹn tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kú, ẹ má retí kí ó fi ojú àánú wo X-Force. Mo mọ wọn, mo sì mọ̀ pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti bínú.

Ọ̀rọ̀ ìwé náà ló wá kù. Kí n tó gbèjà ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n gba èyí tí Táíwò bá sọ tó jẹ́ òótọ́. Ẹ mú X-Force nọ́ńbà 1 yín, kí ẹ wo iṣẹ́ Rob Liefeld tó yà á pẹ̀lú ọmọ náà. Ẹ wo ẹsẹ̀. Níbi tí kò bá ti sí èéfín tàbí òkúta tó bo ẹsẹ̀, etí àpótí àwòrán ti gé e kúrò. Níbi tó bá sì hàn, ó ṣe ṣóńṣó bí ẹnu àlùmọ́gàjí. Ẹ wo àpò kéékèèké tó wà lára ìgbànú, lára itan, lára apá, tí ẹnikẹ́ni kì í mú nǹkan kan nínú ẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń wa eyín pọ̀. Bí ẹnì kan bá dúró níwájú ilé nínú àpótí kan, ilé náà lè má sí mọ́ nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn obìnrin inú ìwé ìgbà náà ńkọ́? Ìbàdí tí kò gba ìfun, ẹ̀yìn tó tẹ̀ débi pé àyà àti ìdí kọjú síni lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ojú ti yí padà o. Nígbà náà pàápàá, àwọn obìnrin tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù wa kò tó nǹkan, ohun tó wà lára ògiri wa ló sì ń lé wọn. Ìtàn ńkọ́? Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ìjà ni, ẹnì kan tó mọ àṣírí ayé àtijọ́ ẹlòmíràn wọlé, ó pariwo, ìjà tún ni, "ó kù lẹ́yìn".

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká béèrè ìdí tí wọ́n fi yà á bẹ́ẹ̀, tí ìran ọmọdé odindi kan sì fi fẹ́ràn ẹ̀. Jerry Siegel àti Joe Shuster tó dá Superman sílẹ̀ gba 130 dọ́là, wọ́n sì fọwọ́ sí i pé ó di ti ilé-iṣẹ́. Láti ìgbà náà, ayàwòrán jẹ́ alágbàṣe: ohun tó bá dá, ti ọ̀gá ni. Nígbà tó di 1992, àwọn ayàwòrán méje tí orúkọ wọn ń ta ìwé ju orúkọ akọni inú ìwé lọ, McFarlane, Liefeld, Jim Lee, Marc Silvestri, Erik Larsen, Jim Valentino àti Whilce Portacio, kúrò ní Marvel, wọ́n dá Image sílẹ̀. Òfin wọn rọrùn: ẹni tó dá a ló ni ín. Bí àwòrán wọn ṣe rí wá látinú ẹ̀ náà. Ayàwòrán ló ni agbára báyìí, kì í ṣe òǹkọ̀wé, nítorí náà àwòrán gbòòrò kún gbogbo ojú ìwé, ọ̀rọ̀ sì dínkù. Ojú ìwé tí ayàwòrán fọwọ́ ara rẹ̀ yà ló tún máa ń tà lẹ́yìn náà fún àwọn olùkójọ, ta ni yóò ra ojú ìwé tí ènìyàn mẹ́fà ti jókòó ń sọ̀rọ̀? Wọ́n pẹ́, wọ́n ń dá ọjọ́ wọ́n ń yẹ̀ ẹ́, oníṣọ́ọ̀bù sì ń san owó lórí ìwé tí kò dé. Ti 1993 tí Image àti ilé-iṣẹ́ Valiant jọ ṣe, Deathmate, kò ṣeé gbàgbé fún wa: apá tó jẹ́ ti Liefeld pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó sanwó ẹ̀ fi gbàgbé ohun tó ń dúró dè. Síbẹ̀, òfin "ẹni tó dá a ló ni ín" yẹn kò kú. Ilé Image kan náà ló gbé The Walking Dead jáde ní 2003, òǹkọ̀wé ẹ̀ ló sì ni ín. Spawn McFarlane kọjá nọ́ńbà 300 ní 2019. Ẹ̀yin tí ẹ ní Spawn lọ́wọ́, ṣé ẹ rántí pé aláwọ̀ dúdú ni Al Simmons tó wà lábẹ́ ìbòjú yẹn? Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń ra ìwé náà lọ́dọ̀ wa kò mọ̀, ojú ẹ̀ ti jóná, aṣọ sì bò ó. Nígbà tí mo bá sọ fún wọn, wọ́n á tún padà sí nọ́ńbà 1 lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ti Superman, ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí Táíwò jókòó tì mí. Gbogbo ènìyàn ló mọ ọ̀rá dúdú, àmì S tó ń ṣẹ̀jẹ̀, aṣọ dúdú tí wọ́n ní ká so mọ́ apá. Ẹ̀tàn ọjà ni ìyẹn, mo gbà. Ẹ fi í sílẹ̀ kí ẹ ka ìwé náà. Nígbà yẹn, ìwé Superman mẹ́rin ló ń jáde tẹ̀lé ara wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Nínú Adventures of Superman nọ́ńbà 497, àpótí àwòrán mẹ́rin ló wà lójú ìwé kọ̀ọ̀kan. Nínú Action Comics nọ́ńbà 684 tó tẹ̀ lé e, ó di mẹ́ta. Nínú Man of Steel nọ́ńbà 19, ó di méjì. Ìgbà tó fi máa kan Superman nọ́ńbà 75 tó wà nínú ọ̀rá yín, àwòrán kan ṣoṣo ló gba gbogbo ojú ìwé, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ẹni tó sọ fún òǹkàwé pé nǹkan ń dínkù, ọwọ́ ẹ̀ tó ń ṣí ìwé ni ó máa mọ̀ ọ́n. Ó ń yára ṣí i, ìlù ń le sí i, Doomsday, abàmì ẹ̀dá tó pa á, àti Superman ń lura wọn títí wọ́n fi dé iwájú ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn Daily Planet, ọ̀rọ̀ kò sì tó nǹkan mọ́, lẹ́yìn náà ó kan Lois Lane, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, tó gbé Superman mọ́ àyà. Dan Jurgens ló kọ ọ́ tó sì yà á, Brett Breeding fi íǹkì parí rẹ̀. Ẹ lè sọ pé ìtàn náà kò jinlẹ̀, torí pé Doomsday kì í ṣe ẹnikẹ́ni, òkúta tó ń lu ènìyàn lásán ni. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tó bá ní kò sí ọgbọ́n iṣẹ́ nínú ẹ̀ kò kà á, ọ̀rá ló rí. Ọ̀nà ìyàwòrán gbòòrò tí a fi ń bú gbogbo wọn ni Jurgens lò yìí. Òun mọ ibi tí yóò gbé e sí.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. "Ọdún 1990" kì í ṣe ìwé kan. Ọdún 1993 gan-an tí a ń sọ yìí, tí èèpo onífàdákà ń dán káàkiri, ni àwọn aláwọ̀ dúdú mẹ́rin, Dwayne McDuffie, Denys Cowan, Michael Davis àti Derek Dingle, dá Milestone sílẹ̀, tí DC, ilé-iṣẹ́ tó ni Superman, ń bá wọn tẹ̀ ẹ́, tó sì ń tà á. Ìwé mẹ́rin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: Hardware, Blood Syndicate, Icon àti Static. Ẹ gbọ́ bí Icon ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1839, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ọkọ̀ òfurufú kan láti ayé mìíràn já sí oko òwú. Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ náà sọ ẹni tó wà nínú rẹ̀ di ọmọ ọwọ́ tó jọ ẹni àkọ́kọ́ tó rí i, ẹni àkọ́kọ́ náà sì ni ẹrúbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú oko yẹn. Ẹ fi ìyẹn wé Superman tí àgbẹ̀ funfun rí ní Kansas, ẹ ó rí i pé ojú ìwé díẹ̀ péré ni McDuffie fi béèrè ohun tí Superman kò béèrè láti 1938: agbára kan náà, bí ó bá bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí wọ́n ń tà lọ́jà ńkọ́? Lónìí, ọkùnrin yẹn ti di agbẹjọ́rò olówó tó gbà pé kí olúkúlùkù fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ara rẹ̀ sókè. Àwọn ọmọ àdúgbò tálákà kan wá fọ́ ilé ẹ̀, ọmọbìnrin kan, Raquel Ervin, wà láàrin wọn, ó rí i tó fò. Kò sá lọ. Ó padà wá, ó ní kí ó wọ aṣọ akọni, kí ó jẹ́ kí àwọn ènìyàn rí ohun tí àwọn náà lè dà. Raquel fẹ́ di òǹkọ̀wé bíi Toni Morrison. Òun gan-an ló ni ìwé náà, èyí tó ń fò kàn ń tẹ̀ lé e ni. Láàrin ìwé náà ni ó lóyún, ó sì jókòó rò ó dáadáa kó tó pinnu pé òun yóò bí i. Ẹ sọ fún mi, kọ́míìkì akọni mélòó ló ṣe bẹ́ẹ̀, nígbà náà tàbí lónìí?

Static ńkọ́? Ọmọ ọdún 15 ni Virgil Hawkins, bíi tàwọn ìbejì yín. Orúkọ ẹ̀ wá látọ̀dọ̀ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Florida tí yunifásítì kọ̀ láti gbà wọlé kó lè kẹ́kọ̀ọ́ òfin nítorí àwọ̀ rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ tó ń rìn tí wọ́n fi sórí tẹlifíṣàn láti 2000 sí 2004 ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà mọ̀, wọn kò mọ̀ pé ìwé ni ó ti wá. Milestone dáwọ́ kọ́míìkì dúró ní 1997. Ara ohun tó pa á ni ọjà tó ń wó yẹn. Ó tún wá jẹ́ ohun ìbànújẹ́ pé nígbà tí wọ́n bá ń sọ pé "gbogbo ti ọdún 1990 ló burú", àwọn tí ọjà yẹn pa ni wọ́n tún ń sin pọ̀ mọ́ àwọn tó pa á.

Ó kù díẹ̀. Bone tí Jeff Smith fi owó ara rẹ̀ tẹ̀ láti 1991, láì sí akọni aláwọ̀tẹ́lẹ̀ kankan nínú ẹ̀. Hellboy ti Mike Mignola, 1994. Marvels tí Kurt Busiek àti Alex Ross ṣe lọ́dún kan náà, pẹ̀lú ọ̀dà bí àwòrán ara ògiri. Àti Black Panther tí Christopher Priest bẹ̀rẹ̀ ní 1998, nígbà tí Marvel ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde kúrò nínú gbèsè: òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà kan, aláwọ̀ funfun, Everett Ross, tí ṣòkòtò kò sí nídìí rẹ̀, ló ń ròyìn fún ọ̀gá rẹ̀ ohun tí Black Panther, ọba ìlú Wakanda, ṣe, tí kò sì yé e rárá. Priest ló dá Dora Milaje, àwọn obìnrin tó ń ṣọ́ ọba náà, sílẹ̀. Nínú ìwé tirẹ̀, èdè Hausa ni àwọn obìnrin yẹn ń fi bá ọba sọ̀rọ̀. Gbogbo ayé ló rí wọn nínú fíìmù 2018, àmọ́ ìwé tó bí wọn wà nínú àwọn ọdún tí a ní kò sí nǹkan níbẹ̀.

Mo tún gbọ́dọ̀ kìlọ̀ ìhà kejì. Láti bí ọdún mélòó kan ni àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ti ń yípo padà pé ìgbà wúrà ni, pé àwọn alárìíwísí ló ń jowú. Mi ò gbà. Bí àwa ìran tó ṣáájú yín ṣe ń fi Ikebe Super pa mọ́ sábẹ́ béèdì, tí a sì rò pé kò sí ohun tó dà bí i, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ọmọ ọdún 13 ṣe ń rí ohun tó bá kọ́kọ́ bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Ìfẹ́ yín sí X-Force jẹ́ òótọ́, ẹnikẹ́ni kò lè gbà á lọ́wọ́ yín. Kò sọ ẹsẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ di ẹsẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ tèmi, X-Men nọ́ńbà 1 dára ju bí wọ́n ti ń wí lọ: Chris Claremont tó ti ń kọ X-Men láti 1975 ló kọ ọ́, ìjà àárín Magneto tó jẹ́ ọ̀tá wọn àti Xavier tó jẹ́ olórí wọn sì ní ìtumọ̀, nọ́ńbà 3 ló ṣe tó fi lọ, ohun tó tẹ̀ lé e sì tú díẹ̀díẹ̀. X-Force nọ́ńbà 1 kò dára, ṣùgbọ́n ó yá mọ́ni lára, ìyẹn náà sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Spawn ìbẹ̀rẹ̀ rẹwà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Tèmi nìyẹn; ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ yìí lè tò ó ní ọ̀nà mìíràn.

Ẹ sọ fún ìyá ìbejì pé owó ilé-ìwé kò sí nínú ohun tí ẹ kà sílẹ̀ fún mi yẹn. X-Men nọ́ńbà 1 pọ̀ débi pé dọ́là díẹ̀ ni wọ́n ń tà á títí dòní. X-Force bẹ́ẹ̀. Superman nínú ọ̀rá rẹ̀ san díẹ̀ jù wọ́n lọ, kò tó owó tí ẹ ó fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn sí Amẹ́ríkà kó sì kù. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kí ẹ lọ fi í sínú ike líle tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà sí lára láti fi sọ bí ìwé ṣe dára tó; iṣẹ́ yẹn náà lówó. Àmọ́ ẹ tú páálí náà dé ìsàlẹ̀, torí pé ohun tó gbówó lórí ni èyí tí kò sí ẹni tó rò pé yóò gbówó. New Mutants nọ́ńbà 98, 1991, ni Deadpool ti kọ́kọ́ jáde. Nọ́ńbà 87 ti ìwé kan náà ní Cable. Amazing Spider-Man nọ́ńbà 361 ní Carnage. Batman Adventures nọ́ńbà 12, 1993, tí àwọn tó ń kójọ kò kà sí torí pé ti ọmọdé ni, ni Harley Quinn ti kọ́kọ́ wọ kọ́míìkì. Ọmọdé kà á, wọ́n fà á ya, ìdí tó fi wọ́n nìyẹn. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ ohunkóhun mọ́ ọn, ẹ ya fọ́tò èèpo àti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó gba iye ẹnikẹ́ni. Láìrí i, n kò lè fi ẹnu lásán díye lé e.

Ọ̀rá dúdú náà, ẹ já a. Ẹ̀dá tó ṣe ọ̀rá yẹn kò ṣe é fún ọgbọ̀n ọdún lórí àjà ilé Ìbàdàn, ooru ti ń bá a jà, ó sì lè ti bẹ̀rẹ̀ sí lẹ̀ mọ́ èèpo ìwé. Ẹ fi àlùmọ́gàjí gé e létí òkè, ẹ má fi ọwọ́ fà á, nítorí pé ìwé náà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú pósítà àti ìwé ìròyìn ìkú Superman tí wọ́n ká pọ̀. Ẹ gbé páálí kúrò lórí àjà pátápátá, ikán àti òórùn páànù ni ọ̀tá rẹ̀, kí ẹ má sì gbé e sílẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àpótí onírin tàbí ti ike tó ní ìdérí, lórí pẹpẹ, nínú yàrá tí oòrùn kì í wọ̀. Kí ẹ gbé ìwé dúró, kí ẹ má tò wọ́n lérí ara wọn. Lásìkò òjò, ẹ máa ṣí i lẹ́ẹ̀kan lóṣù kí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́.

Kẹ́hìndé tó fẹ́ kà á, ẹ fún un ní Superman náà lọ́jọ́ tí ẹ bá já a, àmọ́ ẹ wá mẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀, wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ìwé kan tó wà lọ́jà. Kí ẹ ka Spawn fúnra yín kí ẹ tó gbé e fún wọn, ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ní ti Táíwò, ẹ má bá a jà. Ẹ ra Icon àkọ́kọ́ fún un, DC ti tún un tẹ̀, kí ó kà á tán, lẹ́yìn náà kí ó ka X-Force nọ́ńbà 1, kí ó sì wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún yín èyí tó jẹ́ pàǹtí.